Ìwé-Abíyá àti Ilá Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Bí ẹ bá rí ìwé kan tó ń gbé ọkùnrin kiri ìlú Ọ̀wọ̀ lọ́dún 1981, Ọ̀gbẹ́ni Ignatius Ògúnyẹmí, olùkọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, nìyẹn. Àwa ọmọ fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀ la sọ ọ́ ní Ìwé-Abíyá, nítorí abíyá ni ìwé rẹ̀ ń gbé. Ó ń bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bá a lọ sí Ọjà Ọba, kò sì sẹ́ni tó rí i kó ṣí i rí. Ìwé-Abíyá, ọkọ Gẹ̀ẹ́sì! Ọ̀-gbé-e-má-ṣí-i! A-mirí-bí-alángbá-tó-já-látorí-ìrókò!

Ọmọ Ute, nítòsí Ọ̀wọ̀ níbí, ni, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gbọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó lọ ṣe kọ́ọ̀sì oṣù mẹ́ta ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, láti ìgbà tó sì ti dé ni kò ti gbọ́ Yorùbá mọ́, àfi tí wọ́n bá ní oúnjẹ ti délẹ̀.

"Ìtàn ìbílẹ̀!" ni yóò wí, yóò sì yọ ṣùtì. "Àwọn tí kò rí ìwé kà ló ń gbọ́ ọ."

Ẹni tó bá sọ èdè ilé nínú kíláàsì rẹ̀, koríko ni yóò lọ gé. Nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí ẹ ó gbọ́ nínú kíláàsì yìí o. Èmi ni mo ń bá yín túmọ̀ rẹ̀, mo sì ti gé koríko tèmi tán.

Lọ́dún náà, ìjọba fún wa ní ìwé ìtàn kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀, nílùú òyìnbó, ní Amẹ́ríkà, ọmọ olówó níhà kan, ọmọ tálákà níhà kejì, tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́ kí ara wọn. Ìwé náà dùn. Mo sunkún nídìí rẹ̀, ojú ò sì tì mí láti sọ ọ́.

Ìwé-Abíyá ní òun ti kà á lẹ́ẹ̀méje. Ọgbọ́n tó ń dá rèé: lọ́jọ́ Ajé, yóò jókòó, yóò dijú, yóò ní kí Kúlísúmù, ọmọ Mùnírù télọ̀, dìde kó sọ ohun tí a kà. Bí Kúlísúmù ti ń sọ ọ́ ni ọ̀gá ń mirí. Tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò wá fi ọ̀rọ̀ Kúlísúmù kọ́ Kúlísúmù.

A ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ipò igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ṣófo, alábẹ̀wò sì ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ́jọ́ ìpàdé àwọn òbí láti wá wo olùkọ́ tó tọ́ sí i. Gbogbo ara ni Ìwé-Abíyá fi ń fẹ́ ipò náà. Ó ti ń dán bó ṣe máa fọwọ́ síwèé wò lára pátákó. Lọ́jọ́ Ajé kan, Kúlísúmù sọ ohun tí a kà tán tónítóní, ọ̀gá ní kò jinlẹ̀ tó, ó ní kó lọ gé koríko títí dé ẹnu géètì.

Kúlísúmù gé e. Inú bí i gidigidi. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Ìjìnlẹ̀ ló fẹ́? N ó fún un níjìnlẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ó dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọlúàbí.

"Sà, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ olówó ti fẹ́ olórí ẹgbẹ́ tálákà. Ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ mẹ́ta."

"Mẹ́ta," ni ọ̀gá wí. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Wọn ò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, sà. Wọn ò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá. Wọn ò gbọdọ̀ ju igi ìdáná sílẹ̀ níwájú rẹ̀."

Sàlímọ́tù tó jókòó tì mí ki ìwé bọ ẹnu. Kò sí ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n pọ̀n rí tí kò mọ ìtàn yìí. Ọ̀rọnṣẹn ni, olorì tí a ń tìtorí rẹ̀ ṣọdún Igogo, tí àwọn orogún rẹ̀ lọ ilá lójú rẹ̀ títí tó fi bínú kúrò láàfin. Ìtàn ìbílẹ̀ ni, ọ̀gá wa kì í sì í gbọ́ ìtàn ìbílẹ̀.

"Ta ló wá lọ ilá náà?"

"Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ olówó yòókù, sà. Ìlara ni."

Ọ̀gá lu tábìlì. "Ó tó! Inú ilá yẹn gan-an ni òǹkọ̀wé fi ọgbọ́n pamọ́ sí. Mo ti ń dúró kí ẹ rí i láti ọ̀sẹ̀ kẹta!"

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Alábẹ̀wò náà, Ìyáàfin Veronica Akínwọlé, obìnrin kúkúrú tó wọ awò ojú ńlá, jókòó síwájú. Nítorí àwọn òbí, ọ̀gá ilé-ìwé ní kí Ìwé-Abíyá fi Yorùbá ṣàlàyé ìwé ìtàn náà. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n di igi lé lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin òbí, ẹ lè má mọ̀ pé òyìnbó náà ní èèwọ̀. Ọmọbìnrin inú ìwé yìí, bí wọ́n bá lọ ilá lójú rẹ̀, wàhálà dé!"

Mùnírù télọ̀ wo ìyàwó rẹ̀.

"Wọ́n lọ ọ́! Wọ́n da omi sí àgbàlá! Wọ́n ju igi sílẹ̀! Ló bá bínú, ó wọgbó lọ!"

Baba Àbúdùlàhí alágbẹ̀dẹ dìde, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. "Tíṣà, ọmọ ulé yèsí ni ghọ́n l'Ọ̀ghọ̀ yí?" Ó fẹ́ mọ ilé ẹni tí wọ́n ti wá l'Ọ̀wọ̀.

"Baba, òyìnbó ni wọ́n."

"Òyìnbó? Ghọ́n í ṣe Igogo náà?"

Ẹ wò ó, bí ó bá ní òun ò mọ̀ níbẹ̀ yẹn, ì bá ṣì yọ. Ṣùgbọ́n "n ò mọ̀" kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, kò sì sí nínú Yorùbá rẹ̀.

"Wọ́n ń ṣe é dáadáa, Baba. Tiwọn tilẹ̀ ju tiwa lọ."

Ẹ̀rín bú. Obìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ọ̀rọnṣẹn ti dé Amẹ́ríkà o! Ẹ bá wa kí i!" Ọ̀gá ilé-ìwé fi fáìlì bojú.

Alábẹ̀wò nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gbẹ́ni Ògúnyẹmí, ojú ìwé wo ni ilá náà wà?"

"Igba ó lé méjìlá, mà."

Obìnrin náà na ọwọ́, ó yọ ìwé lábẹ́ abíyá olùkọ́ wa, ó ṣí i dé ìparí. "Ìwé yìí ò ju ogóje ojú ìwé lọ."

"Ẹ̀dà tèmi ló nípọn jù ú lọ, mà."

"Ẹ̀dà tiyín dà?"

Ìwé-Abíyá wo ilẹ̀. "Òun náà ni ẹ mú dání yẹn, mà."

Baba Àbúdùlàhí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bá a wá omi. Alábẹ̀wò wá béèrè ẹni tó mú ilá wọ inú ìwé. Kúlísúmù dìde, ó jẹ́wọ́. Èmi ti rò pé wọ́n máa lé e nílé-ìwé.

"Ìwọ kà á?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, mà."

"Bọ́ síwájú, kà á sókè. Ọ̀gbẹ́ni, ẹ lọ jókòó ti àwọn fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀."

Orí bẹ́ǹṣì wa ló jókòó sí, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n. Kúlísúmù bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní. Ó kà á dé ibi tí ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ tálákà ti sá kúrò nílé nínú òjò, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é, tí kò dáhùn. Ibẹ̀ ni wọ́n lu aago oúnjẹ. Ọ̀gá ilé-ìwé yára kéde pé Arábìnrin Fúnmiọlá, olùkọ́ ìṣirò, ni igbákejì tuntun. A pàtẹ́wọ́, gbogbo wa sì dìde láti lọ jẹun.

Ìwé-Abíyá nìkan ni kò dìde. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, níwájú gbogbo ìlú, ó na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Kúlísúmù, jọ̀ọ́. Ọmọkùnrin tó sá lọ yẹn, ṣé wọ́n rí i?"

Kúlísúmù pa ìwé dé, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ kà á, sà."