Orógùn Ìyá Kareemat

Lìádì olóbì fa fìlà bo ojú rẹ̀ tó wú, ó jókòó síwájú Nọ́ọ̀sì Moríyọ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Símáwà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi Ṣàgámù sílẹ̀ wá síbẹ̀ ni, kí ojúlùmọ̀ má baà bi í léèrè.

"Bàbá, kí ló ṣe ojú yín?"

"Ọkọ̀ ló gbá mi."

Nọ́ọ̀sì ká fìlà náà sókè díẹ̀. "Ọkọ̀ wo ló ní èékánná? Ṣé ọkọ̀ ló gbá yín, àbí ọkọ ni wọ́n gbá?"

Lìádì kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. "Orógùn ni," ó rọra wí.

"Orogún? Ẹ fẹ́ ìyàwó kejì?"

"Ọ̀kan yìí ni mo ń sá fún, ẹ ní kejì. Orógùn tí Bánkẹ́ ìyàwó mi, ìyá Kareemat, fi ń ro èbà ni mo wí."

"Ó ṣèèṣì bà yín nígbà tó ń rò ó?"

"A ti jẹ èbà tán. Ó ní mo dákẹ́ jù."

"Ẹ ò wá sọ̀rọ̀?"

"Mo sọ̀rọ̀. Ó ní mo ń fèsì."

Nọ́ọ̀sì gbé apá òsì rẹ̀ wò. "Èyí ńkọ́?"

"Àwo ni."

"Ẹ má fi ṣe awo, bàbá. Ẹ sọ ọ́."

"Àwo tánganran ni mo wí. Ó ti fọ́."

"Apá yín?"

"Àwo. Apá ṣì ń gbìyànjú."

Moríyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló ya Lìádì lẹ́nu. Nígbà tó sọ ọ́ fún Àlímì ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín ni Àlímì fi jókòó sílẹ̀, ó ní kò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà ni Lìádì ti pa ẹnu mọ́.

"Ṣé ẹ ń rí oorun sùn?"

"Nínú ṣọ́ọ̀bù, lórí àpò obì. Tí mo bá ti gbọ́ tí síbí kan ìkòkò, àyà mi á já. Bí wọ́n bá ń dáná nílé kejì, èmi ni mo ń sá."

Nọ́ọ̀sì bu omi fún un.

"Ẹ ò gbọ́dọ̀ padà sílé yẹn lónìí. Ta lẹ lè lọ bá?"

"Mo ti pe bàbá ìyàwó mi ní Àkaka. Wọ́n ní kí n máa bọ̀."

"Bàbá tó bí i? Wọn ò ní gbè sẹ́yìn ọmọ wọn?"

Lìádì na apá ọ̀tún fún abẹ́rẹ́. "Ìyá Bánkẹ́ ni bàbá sá fún tí wọ́n fi dèrò Àkaka. Wọ́n ní láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa làwọn ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kejì sílẹ̀ dè mí."