Pòròfẹ́sọ̀ Ṣùbòmí Gbẹ́lẹ̀ Lóko Ìyá Safurat

Ẹ bá mi kí Ṣùbòmí, Ọ̀mọ̀wé-má-tẹ-ẹrẹ̀, ọkùnrin tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ní yunifásítì l'Ógbómọ̀ṣọ́, tí erùpẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kan bàtà rẹ̀. Ọdún kẹrin ló ṣì wà, kò tíì gboyè kankan, àmọ́ bí o bá pè é ní Ṣùbòmí lásán, kò ní dá ọ lóhùn. Pòròfẹ́sọ̀ ni kí o pè é.

Olùkọ́ rẹ̀, Dókítà Dorcas, fún un lórúkọ àgbẹ̀ méje ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, pé kó lọ gbẹ́ erùpẹ̀ oko wọn wá fún àyẹ̀wò. Kó gbẹ́ káàkiri oko, kó gbẹ́ òkè, kó gbẹ́ ìsàlẹ̀. Ṣùbòmí wo oòrùn, ó wo bàtà funfun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ẹni tó ní ọpọlọ bíi tòun, ṣọ́bìrì kọ́ ló yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ló bá bọ́ sẹ́yìn ilé tó ń gbé ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí ìyá onírẹsì tó ní buka níbẹ̀ ń da omi oníyọ̀ tó fi fọ abọ́ sí. Ó fi ṣíbí bu erùpẹ̀ sínú ọ̀rá méje, ó kọ orúkọ àgbẹ̀ méje sí i lára, ó lọ sùn. Oorun náà sì dùn mọ́ ọn.

Ìyá Safurat wà lára àwọn méje náà. Opó ni. Ọdún méjì gbáko ni ewé àgbàdo rẹ̀ ti ń pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń bá jà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ti búra pé bí tọdún yìí bá tún kú, òun á ta ilẹ̀ náà fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé epo. Èsì àyẹ̀wò yìí nìkan ló kù tí obìnrin náà gbójú lé.

Lọ́jọ́ tí èsì dé, àwọn àgbẹ̀ pé jọ síwájú ilé alága wọn, Alhaji Kareem. Dókítà Dorcas gbé ìwé èsì sórí itan, ó tẹjú mọ́ Ṣùbòmí. Oko méje, èsì kan ṣoṣo, iyọ̀ nínú gbogbo wọn! Ṣùbòmí rí i bó ṣe ń wo òun, ó rò pé orí olùkọ́ òun ń wú ni.

Ó dìde, ó ròyìn odò tó là kọjá, ẹ̀gún tó gún un, oòrùn tó pa á. Àánú rẹ̀ ṣe Alhaji Kareem débi pé ó ṣàdúrà fún un.

"Ti Ìyá Safurat ló le jù," ni Pòròfẹ́sọ̀ wí. "Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì ni mo gbẹ́ wọlẹ̀ níbẹ̀. Màmá, ilẹ̀ yín dáa. Ẹ má fi nǹkan kan sí i. Ẹ ṣáà máa gbin àgbàdo yín lọ."

Màmá dúpẹ́. Ó wá bi í bóyá oko òun ló ń wí lóòótọ́. Ṣùbòmí ní bí wọ́n bá di òun lójú, òun á débẹ̀.

"Ó dáa," ni Ìyá Safurat wí. "Wá fi kòtò tó o gbẹ́ hàn mí."

Gbogbo wọn ló tẹ̀ lé e. Ní oríta àkọ́kọ́, ẹni tí wọ́n lè dì lójú kọrí sọ́nà ilé ìwé. Wọ́n fà á padà. Nígbà tí wọ́n dóko, kò sí kòtò kankan. Ó ní òjò ló dí i. Màmá gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́ pé kó tún un gbẹ́.

Ọkọ́ ò tíì wọlẹ̀ tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan tó fi kan àpáta: gbàgà. Ó sún síwájú: gbàgà. Ó sá lọ sí igun oko: gbàgà. Àwọn àgbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń di ara wọn mú, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ládùúgbò pé orí àpáta loko náà wà.

Dókítà Dorcas bi í níbo ló ti bu erùpẹ̀.

"Ẹ̀yìn buka ni, mà."

Ìyá Safurat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Inú bí i gan-an. Ó ní ilẹ̀ yìí lòun fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, ìmọ̀ràn ẹ̀yìn buka ni ì bá sì gbà á lọ́wọ́ òun. Dókítà Dorcas bẹ̀ ẹ́, ó bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ fọ́ erùpẹ̀, ó ń béèrè gbogbo ohun tí Màmá ti gbìn síbẹ̀ rí.

Ṣùbòmí rò pé wọ́n ti gbàgbé òun. Ó rọra fi ọkọ́ sílẹ̀, ó ń gbọn bàtà rẹ̀. Ìyá Safurat mú ọkọ́ náà nílẹ̀, ó tún nà án sí i.

"Gbà. Ó ku ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀, Pòròfẹ́sọ̀."