Pátákó Ìjọba Tí Kò Sẹ́ni Tó Lè Kà Á

Àárọ̀ Sátidé ni, nínú ṣọ́ọ̀bù tí Alhaji Mùstàfá ti ń ta ohun àtijọ́ ní Joliet, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ràódàt, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Plainfield, ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òru ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò wo àga, kò wo aago. Iwájú pátákó igi kan tó wà lára ògiri ló lọ dúró sí. Pátákó náà ní òrùlé kékeré lórí bíi ti ilé, wọ́n sì fi tàdáwà dúdú kọ ọ̀rọ̀ sí i lára látòkè wá sísàlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Alhaji. Ṣé èyí tẹ́ ẹ gbé sórí Facebook rè é?"

"Òun ni. Káàárọ̀, Ràódàt. Parlour lo fẹ́ gbé e kọ́ sí?"

"Ìta ni."

"Ìta báwo?"

"Ìta gbangba, Alhaji. Ẹnu ọ̀nà. Màá fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri."

Alhaji Mùstàfá bọ́ awò ojú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ̀ pé tó bá ti bọ́ awò, ìtàn ló fẹ́ sọ, kò sì sí iṣẹ́ òru tó gùn tó ìtàn Alhaji.

"Jókòó. Ṣó o mọ ohun tó ò ń fojú di yìí? Ìjọba ilẹ̀ Japan ló ṣe é, láyé ìgbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba níbẹ̀. Oríta ni wọ́n máa ń gbé e kọ́ sí, kí gbogbo ìlú lè rí òfin."

"Ìjọba ológun?"

"Ológun pọ́nńbélé. Tidàtidà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ti alágbádá kì í ba èèyàn lẹ́rù."

"Ràódàt, ohun àtijọ́ ni mò ń sọ. Ìjọba yẹn gan-an ò sí mọ́."

"Ọ̀gá tó pàṣẹ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti kú tipẹ́tipẹ́!"

"Irú ẹ̀ gan-an ni mò ń wá. Abdulqudus ò ní lè lọ fún un lówó."

"Ta ni Abdulqudus?"

Ìgbà yẹn ni Ràódàt tó jókòó. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún ju ẹsẹ̀ lọ.

"Àbúrò mi ni, ní Ìṣẹ́yìn. Ó fẹ́ ta ilé mọ́ màmá wa lórí. Ilé tí màmá fi owó aṣọ òfì kọ́, Alhaji! Ó ti ń mú oníbàárà wá wò ó. Màmá rò pé àlejò lásán ni wọ́n, wọ́n ń gbé omi tútù fún wọn."

"Ṣé kò sí kóòtù ni?"

"Lọ́yà tó wà ládùúgbò yẹn, Abdulqudus ló fẹ́ àbúrò ẹ̀."

"Ọlọ́pàá?"

"Wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ni."

"Torí ẹ̀ lo ṣe wá ra pátákó Japan."

"Torí ẹ̀ ni. Tí oníbàárà bá rí pátákó ìjọba lẹ́nu ọ̀nà, á padà sẹ́yìn."

Alhaji Mùstàfá tún awò rẹ̀ wọ̀, ó wo ojú obìnrin náà bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ rárá.

"Ta ló máa wá kà á fún wọn ní Ìṣẹ́yìn?"

"Kò sẹ́nì kankan. Èyí tí wọ́n bá lè kà, wọ́n á jiyàn sí i. Èyí tí wọn ò lè kà, wọ́n á máa bẹ̀rù ẹ̀."

"Wọ́n á rò pé Ṣáínà ló kọ ọ́. Wọ́n á ní rélùwéè fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá."

"Kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀."

"Tí rélùwéè bá ń bọ̀, owó ilé á lọ sókè. Á tún wá yá Abdulqudus lórí sí i."

Ràódàt kò tíì ro ọ̀rọ̀ débẹ̀. Ó wo ṣọ́ọ̀bù náà yí ká.

"Ṣé ẹ ò ní kékeré kan tó máa sọ pé rélùwéè ò bọ̀ mọ́?"

"Ràódàt, mi kì í ta nǹkan fún ẹni tó máa gbé e sínú òjò."

"Ṣebí oríta lẹ ní ó wà tẹ́lẹ̀. Àbí àwọn ológun yẹn ń di agbòjò lé e lórí ni?"

Alhaji ní kí Ràódàt dìde, kó súnmọ́ pátákó náà, kó fọwọ́ pa á.

"Kí lo rí?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀ yọ síta. Àfi bíi pé wọ́n gbẹ́ ẹ."

"Ẹnikẹ́ni ò gbẹ́ ẹ. Tàdáwà ni wọ́n fi kọ ọ́. Òjò àti oòrùn jẹ igi tó yí i ká, wọn ò rí abẹ́ tàdáwà jẹ. Ìyẹn ló ṣe ga ju igi lọ."

Ràódàt tún fọwọ́ pa á. Omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru àìsùn.

"Kí ló wà níbẹ̀, Alhaji?"

"Obìnrin ará Japan kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì ló kà á fún mi. Ó ní àwọn tó bá kó ara wọn jọ láti gbìmọ̀ ohun tí kò dáa, ọ̀daràn ni wọ́n. Ẹni tó bá wá tú àṣírí wọn, ìjọba á fún un ní fàdákà. Wọ́n á tún fún un láṣẹ kó máa jẹ́ orúkọ ìdílé, kó sì máa gbé idà rìn."

"Ẹ jẹ́ ká fi ti idà sílẹ̀. Àwọn TSA tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú ò ní gbà fún mi."

"Ó tún ní tí ẹni tó tú àṣírí náà bá wà lára wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n ti dárí jì í."

Ràódàt mú ọwọ́ kúrò lára igi náà.

"Wọ́n dárí jì í pátápátá?"

"Pátápátá. Kí ló dé?"

"Èmi náà wà lára wọn."

"Lára àwọn wo?"

"Abdulqudus kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sínú WhatsApp ẹbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti shift. Mo rí 'màmá', mo rí 'ilé', mo rí 'in shā Allāh', mo tẹ àtàǹpàkò sí i."

"O ò kà á?"

"Ta ló ń ka ti Abdulqudus tán? Ó wá ní mo ti fọwọ́ sí i. Ó ti ṣe screenshot ẹ̀."

"Màmá ńkọ́?"

"Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún wọn."

Alhaji Mùstàfá nawọ́ sí fóònù tó wà lọ́wọ́ Ràódàt.

"Pè wọ́n. Ìjọba ti dárí jì ọ́."

Ràódàt pe Ìṣẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì ọjà Alhaji, bíi pé màmá ń wò ó.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Abdulqudus fẹ́ ta ilé yín… Ẹ̀yin kẹ̀?… Àwọn tó ń wá mumi ńkọ́?… Háà… Gbogbo yín?… Ó dáa, mà."

Ó rọra dìde.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn làwọn ń ta ilé àwọn. Wọ́n ní oníbàárà tí wọn ò bá fún lómi, kì í dá owó gidi lé ilé. Abdulqudus kàn ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni."

"Alhamdulillāh! Níbo ni wọ́n wá ń kó lọ?"

"Plainfield."

"Ilé ta ni?"

"Ilé mi. Ìwé tí mo kọ fún gbogbo wọn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di sítísẹ̀n, físà ẹ̀ ló jáde. Wọ́n ní ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ gígùn yẹn ló wà."

"Gbogbo wọn?"

"Màmá, Abdulqudus, ìyàwó ẹ̀, àtàwọn ọmọ. Ìyàwó ẹ̀ ti mú yàrá òkè."

Fóònù dún. Abdulqudus tún ti kọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

"Má tẹ nǹkan kan o!" ni Alhaji pariwo. "Kà á tán lónìí."

Ràódàt kà á. Ó kà á délẹ̀, níbi tí àbúrò rẹ̀ ti ń béèrè ẹni tó máa wá pàdé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú, tó sì ní màmá ò sùn lóru nítorí ayọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó nu ojú, ó sì tẹ àtàǹpàkò sí i.

"O tún fọwọ́ sí i!"

"Màmá ni mo fọwọ́ sí, Alhaji. Ẹ bá mi di pátákó náà, ti Abdulqudus nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà yàrá òkè ni màá kàn án mọ́."