Nígbà Tí Àpótí Olófòófó Wọ Ọkọ̀ Ìjàpá

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀, ẹ gbọ́! Ẹ̀yin ará Ìdí-Ọsàn, ẹ gbọ́! Ẹ̀yin ará Ẹ̀yìn Póòsì, ẹ gbọ́! Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Kòkó, níbi tí òórùn kòkó tútù kì í ti í kúrò nínú aṣọ, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó, ẹ gbọ́! Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi, tí ẹ ń gbọ́ mi lórí fóònù nínú òtútù, ẹ sún mọ́ ọn dáadáa! Èmi Láṣebìkan náà ni. Agogo bàbá mi náà ni. Ó kàn ti là létí díẹ̀ ni.

Kábíyèsí Ọlọ́pọ̀tọ́ ló rán mi. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá rí bákan létí yín, ẹ má wò mí lójú bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi!

Ọ̀rọ̀ eré ọkọ̀ ni! Eré ọkọ̀ wa! Eré tí àwọn bàbá wa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀dà kò tíì dé títì, tí eruku pupa máa ń bo gbogbo òǹwòran, tó jẹ́ pé ohùn la fi ń dá ara wa mọ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ òfin rẹ̀. Ẹgbẹ́ Ìjàpá ni ẹgbẹ́ Ìjàpá! Ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn rìbìtì, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nídìí. Ẹ́ńjìnnì tó bá a wáyé ni kó fi sáré. Kò gbọdọ̀ yá ti ọkọ̀ mìíràn. Mo tún un sọ: kò gbọdọ̀ yá ti ọkọ̀ mìíràn!

Ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde tó kọjá yìí, ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá Adérọ̀gbà, opó Ọláníhún tíṣà, ló gbégbá orókè nínú ẹgbẹ́ Ìjàpá. Ó fi gbogbo ọkùnrin sílẹ̀ sẹ́yìn! Ó fi Ọmọọba Adégbìtẹ́ tó wa Ìjàpá ààfin sílẹ̀ sẹ́yìn! Ọmọọba bọ́ sílẹ̀, ó ń laágùn, ó ní, "Obìnrin yìí ti fi nǹkan sídìí ọkọ̀ yìí!" Ẹ̀yin náà gbè é. Mo gbọ́ yín! Ẹ ní kò sí bí ọkọ̀ olóògbé tíṣà, tó máa ń wúkọ́ kó tó ṣíná, ṣe máa fi ọkọ̀ ọba sílẹ̀.

Ni Kábíyèsí bá pàṣẹ: kí wọ́n tún eré náà sá, kí wọ́n sì fi àpótí olófòófó sínú gbogbo ọkọ̀. Bí wọ́n bá rí ẹ́ńjìnnì àlejò nídìí ọkọ̀ Ìyá Adérọ̀gbà, wọn yóò yọ ọkọ̀ náà kúrò nínú eré títí ayé! Wọn yóò tú táyà rẹ̀! Wọn yóò sọ ọ́ di ilé adìyẹ! Ẹ sì mọ ọkọ̀ tí mò ń sọ o. Òun ni Ọláníhún fi gbé e wọ ìlú yìí ní ìyàwó, tí gbogbo wa sáré tẹ̀ lé e láti afárá. Obìnrin náà ò jiyàn. Ó ní, "Ẹ gbé àpótí yín wá."

Olúgbèjà, ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ eré ọkọ̀, ló kó àwọn àpótí náà dé láti ìlú òyìnbó. Àpótí dúdú ni. Kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Abẹ́ ibi tí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ wà ni wọ́n ń so ó mọ́. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ bá ṣe ló ń kọ sílẹ̀: bó ṣe yára, bó ṣe gun òkè, ibi tó ti tẹ bíréèkì, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń pariwo. Eré tán, wọ́n á fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, á sì ro gbogbo rẹ̀. Kò bẹ̀rù ẹni. Kò mọ ìbátan. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Olófòófó, kì í ṣe èmi.

Ẹ ò rí ohun tí ẹ fojú rẹ̀ rí! Ẹnì kan fi gèlè ìyàwó rẹ̀ dì í lójú, kó má baà ríran. Àwọn ìyá ìjọ da òróró àdúrà sí i lórí; ẹ jọ̀wọ́, wáyà ló wà nínú rẹ̀! Ẹnì kan yọ tirẹ̀ kúrò, ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko. Nígbà tí wọ́n tú u wò, Olófòófó ní ọkọ̀ náà gba ojú ọ̀nà oko lọ, ó dúró lábẹ́ igi ọsàn, ó sì sinmi níbẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀.

Àná òde yìí ni wọ́n sá eré náà. Ìyá Adérọ̀gbà tún ló borí! Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà síwájú ààfin, wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, ìlú pé. Olófòófó sì sọ̀rọ̀.

Ó ní ọkọ̀ Ìyá Adérọ̀gbà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gan-an ló wà nídìí rẹ̀! Ní títì gbọọrọ Ìsàlẹ̀ Kòkó, gbogbo wọn ló ń yára jù ú lọ. Ní òkè ìjọ Onítẹ̀bọmi, ńṣe ló ń gùn ún bí arúgbó tó ru igi ìdáná. Kí ló wá fi borí? Ẹ wo ìlà tí Olófòófó fà sára aṣọ funfun! Ìlà gbogbo ọkọ̀ yòókù ló dédé já sí kòtò lójú kan, ní yípo kọ̀ọ̀kan tí wọ́n yí ìlú po, lójú kan náà. Olúgbèjà ní bóyá ihò wà ní títì. Wọ́n lọ wò ó. Kò síhò. Ààfin ló wà níbẹ̀!

Wọ́n wá bi àwọn awakọ̀ léèrè. Inú bí wọn. Ọ̀kan ní, "Ṣé kí n kọjá níwájú Kábíyèsí kí n má kí wọn ni? Ṣé ilé tí wọ́n ti tọ́ mi nìyẹn?" Gbogbo wọn! Wọ́n á tẹ bíréèkì, wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á tó tẹná padà. Bàbá kan tí n kò ní dárúkọ, bíbọ́ ló ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀! Á dọ̀bálẹ̀, á gbọn eruku àyà rẹ̀, á tún wọlé. Yípo kọ̀ọ̀kan! Ó ní òun ò mọ̀ pé eré ló mú òun pẹ́.

Ẹ dákẹ́, ó kù! Olófòófó ní Ìjàpá ààfin gun òkè ìjọ bí ẹni tí wọ́n tì. Ó ní irú ohùn tó ń ké nídìí rẹ̀ kì í ṣe ohùn ìjàpá. Wọ́n ṣí ìdí ọkọ̀. Ta ni wọ́n bá níbẹ̀? Ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì Kọ́ḿbì! Bọ́ọ̀sì ààfin! Bọ́ọ̀sì tí wọ́n ní ó ń sinmi láti ìgbà ọyẹ́, tí àwọn ìjòyè wa fi ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìpàdé tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ! Ìwọ télọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn igi yẹn, mo ti dá ohùn rẹ mọ̀. Àwọn ìjòyè wojú ara wọn. Wọ́n wo bàtà wọn.

Ẹ́ńjìnnì Kọ́ḿbì, Ọmọọba ò sì tún borí! Ìdí rẹ̀ ni pé òun ló ń pẹ́ jù níwájú ààfin. Ó ń kí ọba, ó sì tún ń kí bàbá rẹ̀.

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ!

Òfin kìíní: Ìjàpá ààfin ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ Ìjàpá. Kí ẹ́ńjìnnì padà sínú bọ́ọ̀sì. Títí yóò fi padà, Kábíyèsí pẹ̀lú yóò máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìpàdé. Àwọn ìjòyè ló fi èyí kún un. Wọ́n ò bẹ ẹnikẹ́ni.

Òfin kejì: Ẹ má fi gèlè dì í lójú mọ́!

Òfin kẹta: Kíkí dèèwọ̀ nínú eré ọkọ̀! Ẹ gbọ́ dáadáa: kíkí dèèwọ̀! Ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe ìyá ìyàwó rẹ. Ẹni tí Olófòófó bá mú pé ó kí ènìyàn, a ó mú un jókòó sí ọjà, gbogbo ìlú yóò sì wá kí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Yóò dá gbogbo wọn lóhùn! Yóò béèrè ará ilé, yóò béèrè iṣẹ́, yóò béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá àgbà! Kò ní dìde títí wọn yóò fi tán.

Òfin kẹrin: Lọ́jọ́ eré, Kábíyèsí yóò kọjú àga wọn sí ògiri, kó má baà sí ìdánwò fún ẹnikẹ́ni.

Òfin karùn-ún: Kò sí òfin karùn-ún. Akọ̀wé ààfin ló ní mo gbọdọ̀ kà á dé karùn-ún kí ẹ̀rù lè bà yín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Ìyá Adérọ̀gbà. Àwọn ìjòyè kan ní ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin kíkí ẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Kí òfin náà tó dé, ó ti ń kọjá níwájú ọba fìrì, láì tẹrí ba! Wọ́n ní ìwà ìgbéraga ni. Wọ́n ní kí ọkọ̀ náà di ilé adìyẹ bí a ṣe wí. Ẹnì kan tiẹ̀ ti lọ mú adìyẹ wá.

Kábíyèsí bi í léèrè. Obìnrin náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, mo ń kí yín. Olóògbé ló kọ́ mi. Wọ́n ní ọkọ̀ wa kò lágbára, pé kí n kí gbogbo ẹni tí mo bá fẹ́ kí tán kí n tó ṣíná."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé ìjòyè kankan. Àfi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ààfin. Ó ní òótọ́ ni. Ó ní láàárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ eré, kí òun tó mú ìgbálẹ̀, obìnrin yìí á ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu géètì. Á kí ọba fún yípo kìíní, á kí i fún èkejì, á kí i títí yípo á fi tán. Ó ní nígbà tí Ọláníhún wà láyé, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń wá.

Kábíyèsí ní, "Ta ló ń dá ọ lóhùn?"

Ó ní, "Ẹ ṣì máa ń sùn, Kábíyèsí."

Ẹ gbọ́ ìdájọ́! Adìyẹ, ẹ dá a padà! Ìjàpá Ọláníhún kò kúrò nínú eré. Ìyá Adérọ̀gbà ló borí ní Àjíǹde, òun ló borí lánàá òde yìí, ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Àti láti ìsinsìnyí lọ, ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ eré, Ọlọ́pọ̀tọ́ fúnra wọn yóò wà lẹ́nu géètì, pẹ̀lú fìlà wọn lórí, kí ẹ̀ṣọ́ tó mú ìgbálẹ̀. Wọn yóò dá a lóhùn. Yípo kọ̀ọ̀kan!

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi bí wọ́n ṣe rán mi. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tó wà lóko. Ẹni tó wà lẹ́yìn odi, kó sọ fún ẹni tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Láṣebìkan ti kọjá o!