Ìyá Onígúgúrú Di Ọ̀gá Ilé-ìwé Ní Ara

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ dàgbà tí gbogbo eyín mi ká: ọjọ́ tí mo gun kẹ̀kẹ́ láti Ẹdẹ lọ sí Ara pẹ̀lú dísíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà nínú àpò, tí mo rò pé mò ń lọ gba oríyìn. Ìgbà ìjọba ológun ni. Epo bẹntiróòlù wọ́n ju oyin lọ, ṣúgà ti di ohun tí à ń rí lójú àlá. Ìyàwó mi sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí n kò bá rí iṣẹ́ gidi kí sáà ìwé tuntun tó bẹ̀rẹ̀, òun á tú inú kọ̀ǹpútà mi dànù, òun á fi àpótí rẹ̀ ṣe ilé adìyẹ.

Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà. Ìwé ńlá kan tí èèpo rẹ̀ ti já ni mo fi kọ́ ara mi. Mo ti kọ ètò kan tó lè tẹ káàdì èsì ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn lórí orúkọ wọn. Ilé-ìwé gírámà kan ní Ara, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ fi kọ̀ǹpútà kan ta lọ́rẹ, ní kí n wá fi ètò náà han àwọn òbí. Bàbá tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ ti ṣèlérí fún mi: "Bó bá ti ṣiṣẹ́, ìwọ ni tíṣà kọ̀ǹpútà wa."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀sín mi ti bẹ̀rẹ̀. Fáìlì kéékèèké ló para pọ̀ di ètò náà, irinṣẹ́ kan ló sì ń kó wọn jọ. Baálé ni mo ń pe irinṣẹ́ yìí. Fáìlì kan wà tí à ń kọ àwọn àlàyé sí fún un: orúkọ ilé-ìwé, orúkọ ọ̀gá, sáà tí a wà. Èmi wá kọ àfikún kékeré kan, mo so ó mọ́ Baálé lára, mo sì pè é ní Àlejò. Iṣẹ́ Àlejò ni kó bi Baálé ní orúkọ ọ̀gá, kó sì gbẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ káàdì níbi ìfọwọ́sí. Bí Baálé kò bá dáhùn, Àlejò á lo orúkọ tí mo fi dán an wò. Gúgúrú ni mò ń jẹ lọ́jọ́ tí mò ń kọ ọ́, nítorí náà orúkọ obìnrin tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ni mo kọ síbẹ̀: Ìyá Onígúgúrú. Mo dá rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ Ara ni mo tó kọ orúkọ bàbá ọ̀gá sínú fáìlì àlàyé, n kò sì tún un dán wò mọ́. Kí ni mo fẹ́ tún dán wò? Ṣebí èmi ni mo kọ ọ́.

Nígbà tí mo dé Ara, àwọn òbí ti kún inú gbọ̀ngán. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì níwájú, jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn fèrèsé, epo inú rẹ̀ kò sì ju ìsàlẹ̀ táńkì lọ. N kò rí bàbá. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ló jókòó ti tábìlì. Mo rò pé ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan ni.

"Káàbọ̀ o, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "O kú ọ̀nà. Ará ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, epo ń tán lọ. Ẹ bá mi di bébà yìí mú."

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì dì í mú. Mo tún ní, "Ẹ dì í dáadáa o, kó má baà ká."

Mo ní kí Baálé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kọ̀. Ó kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé òun kò rí fáìlì kan. Fáìlì tó ń ya àmì ohùn ni! Àlejò gbára lé e, kò lè gbésẹ̀ láìsí i, ṣùgbọ́n n kò sọ fún Baálé rí pé Àlejò ní ẹni tí wọ́n jọ ń rìn. Ká ní mo ti sọ ọ́, Baálé ìbá ti dì í mọ́ ẹrù fún mi. Fáìlì náà ti pẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mi ní Ẹdẹ débi pé mo ti gbàgbé pé ó wà. Ni mo bá tún gun kẹ̀kẹ́ padà sílé nínú oòrùn lọ mú un. Ìyàwó mi rí mi. Ó kàn wo kọ̀ǹpútà, ó sì wo àwọn adìyẹ.

Nígbà tí mo padà dé, àwọn òbí kan ti ń sùn, àwọn kan ń bó ọsàn. Màmá bu omi sínú ife. "Jókòó ná, kí o mu omi, ká kíra."

"Omi á dúró, Màmá. Bébà dà?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Baálé ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, káàdì jáde, àmì ohùn rẹ̀ dúró wámúwámú. Mo fi ìgbéraga nà án sí alága àwọn òbí, télọ̀ kan tí ohùn rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó kà á sókè:

"Ìfọwọ́sí ọ̀gá ilé-ìwé: Ìyá Onígúgúrú."

Ẹnì kan béèrè látẹ̀yìn: "Ṣé oníyọ̀ ni àbí oníṣúgà?"

"Níbo lo ti fẹ́ rí ṣúgà?" ni ẹlòmíì dá a lóhùn, ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín.

Mo ń pariwo pé àṣìṣe ni, pé orúkọ bàbá ọ̀gá ni mo kọ. Alága yọ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, wọ́n ti gbé bàbá lọ sí ibòmíràn. Orí rédíò la ti gbọ́ ọ, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kó lọ. Màmá tó ń bá ọ di bébà mú láti àárọ̀ yẹn, àwọn ni ọ̀gá ilé-ìwé."

N kò mọ ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti béèrè orúkọ wọn: Ìyáàfin Oyèlọ́lá. Mo dìde, mo kọ ọ́ sínú fáìlì àlàyé, mo ní ó ti parí. Káàdì jáde: Ìyá Onígúgúrú. Mo tún un kọ. Ìyá Onígúgúrú. Mo fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Ìyá Onígúgúrú!

"Ó jọ pé orí mi ló yan gúgúrú," ni Màmá wí. Wọ́n dìde, wọ́n ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. "Jókòó."

"Màmá, iṣẹ́ yìí..."

"Mo ní kí o jókòó. Láti àárọ̀ ni o ti ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, o ò jẹ́ kí n dé ibi tí n ó ti dá ọ lóhùn. Ká ní a kíra tán ni, ṣé o ò ní mọ orúkọ mi?"

Mo jókòó. Mo kí wọn, mo kí ará ilé wọn, mo bá wọn kẹ́dùn wàhálà ìrìnnà. Mo gbé omi sẹ́nu. Kò tíì kọjá ọ̀fun nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé mi, ó sì kù díẹ̀ kí n tu ú sí alága lára. Àlejò mi gan-an nìyẹn! Baálé máa ń kọ́kọ́ pe Àlejò wọlé, kó tó ṣí fáìlì àlàyé kà. Àlejò tèmi kò dúró. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀ wọlé ló ti ń béèrè orúkọ ọ̀gá, nígbà tí Baálé fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n. Baálé kò rí nǹkan sọ, ni Àlejò bá fa Ìyá Onígúgúrú yọ lápò ara rẹ̀. Fáìlì àlàyé kò ní ẹ̀bi kankan.

Wọ́n tún tan jẹnẹrétọ̀. Mo gbé ìbéèrè yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé e lọ sí ìdí iṣẹ́, níbi tí Àlejò ti fẹ́ gbẹ́ orúkọ gan-an. N kò fi kún un, n kò yọ nínú rẹ̀. Mo kàn sún un sísàlẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ké, káàdì jáde, alága kà á: "Ìyáàfin Oyèlọ́lá." Àtẹ́wọ́ sọ, jẹnẹrétọ̀ sì kú fin-ín. Epo tán.

Màmá ká káàdì Ìyá Onígúgúrú àkọ́kọ́ sínú báàgì wọn. "Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kí wa kí o tó bi wá ní kíláàsì rẹ."

Bí mo ṣe di tíṣà nìyẹn, tí àwọn adìyẹ wa sì ń sùn níta. Wọ́n lẹ káàdì náà mọ́ ara ògiri yàrá àwọn olùkọ́, kò sì sí ọmọ ilé-ìwé yẹn tó mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Tíṣà Gúgúrú ni wọ́n ń pè mí títí mo fi kúrò níbẹ̀. Títí dòní, ohunkóhun tí mo bá fẹ́ so mọ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn, mo máa ń sọ ẹni tó bá a rìn, mo sì máa ń jẹ́ kí onílé jókòó kí àlejò tó béèrè.

Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Onígúgúrú ní Ẹdẹ pé ó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé agbọ̀n sọ̀kalẹ̀, ó wò mí lójú. "Wọ́n fi mí sípò, n kò gbọ́," ó wí. "Wọ́n tún wá yọ mí, rédíò kò tilẹ̀ kéde rẹ̀?"