Oòrùn Tí Diiriye Rí

Diiriye ń gun àtẹ̀gùn mọ́sáláṣí wa bọ̀. A ti mọ̀ pé òun ni kí a tó rí i, torí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé.

"Ẹ sún o! Ẹ fún ọkùnrin láyè! Ẹni tí kì í sùn ti dé!"

Ó ru fóòmù kan, ó fi ìrọ̀rí há abíyá ọ̀tún, ó fi ìrọ̀rí há abíyá òsì, fìláàsì tíì sì ń jù fìrìfìrì lọ́rùn rẹ̀. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ń wo ẹrù ẹni tí kì í sùn. Mo ka ìrọ̀rí náà lẹ́ẹ̀mejì kó má baà jẹ́ pé mo ṣì í kà. Méjì ni.

Alẹ́ ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn Ramadan ni. Àwọn ọkùnrin ń wọ itikafi, wọ́n fẹ́ máa sùn sí mọ́sáláṣí, kí wọ́n lè wá Lailatul-Qadri, òru kan ṣoṣo tó sàn ju ẹgbẹ̀rún oṣù lọ. Kò sí ẹni tó mọ èyí tó jẹ́ nínú àwọn òru náà. Àfi Diiriye.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, Bọ̀ọ̀dá Diiriye kì í ṣe èèyàn burúkú. Kì í jalè, kì í jà, kì í kọ̀ fún ẹni tó bá ní kó báun gbé ẹrù. Ohun tó kàn ń ṣe é ni pé ohunkóhun tí Ọlọ́run bá fún un, ẹnu ló máa kọ́kọ́ fi ná an. Bó bá pa ẹja tó gùn tó apá, kí ó tó gbé e délé, ẹja náà á ti gùn tó ọkọ̀ tó fi pa á. Ní ilé iṣẹ́ ẹja tí ìdajì àwọn ọkùnrin wa ti ń ṣiṣẹ́, ó ní òun lè la inú ẹja lójú dídì. Ọ̀gá wọn ní òótọ́ ni, ojú dídì ló fi ń là á, ìdí nìyẹn tí òun fi ní kó lọ máa gbá ilẹ̀.

Àwọn àgbà ní òru ò mọ olówó. Nílùú wa, lókè téńté Norway, òru gan-an la ò mọ̀. Láti ìparí oṣù karùn-ún títí dé ìparí oṣù keje, oòrùn kì í wọ̀. Ó kàn ń yí ojú ọ̀run po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni. Bí òní ṣe rí, ọ̀la máa ń rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọdún tí Ramadan bá bọ́ sí àsìkò yẹn, Lèmọ́mù ní kí a máa lo aago Mẹ́kà: aago méje ìrọ̀lẹ́ ni ìṣínu, aago mẹ́rin ìdájí ni ẹnu dídì. Ohun tó bá wà láàrin méje sí mẹ́rin, òru ni, kódà bí o bá ń fi awò dúdú kírun nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í ṣe, Bàbá Rooble, tí í ṣe àgbà mọ́sáláṣí, ra aago gàgàrà kan sára ògiri, irú èyí tó ń ka wákàtí dé mẹ́rìnlélógún. Gbogbo wa ra ọmọ rẹ̀ sílé. Diiriye nìkan ló kọ̀. Aago tirẹ̀ aláwọ̀ wúrà ni, ó ní ọwọ́ méjì, ó sì ń kà dé méjìlá bí aago àwọn baba wa.

"Aago ọmọdé nìyẹn," ló wí fún Bàbá Rooble. "Onígbàgbọ́ òdodo kì í bi aago léèrè òru."

Gbogbo ariwo yìí, Àǹtí Ardo ló fà á.

Àbúrò ìyá mi ni. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Diiriye ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fi í ṣaya, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni Àǹtí ní òun gbọ́, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà kẹta, Diiriye wá fúnra rẹ̀. Mò ń jẹun lọ́wọ́ ní kíṣíìnì, kò sẹ́ni tó rántí pé mo wà níbẹ̀.

"Ardo, kí lo fẹ́ gan-an? Mo lágbára, mo níṣẹ́, gbogbo ìlú ló mọ̀ mí."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn," ni Àǹtí dáhùn. Ó ń ṣẹ́ ìyẹ̀fun sambuus, ìpápánu onígun mẹ́ta ẹlẹ́ran, létí, kò gbójú sókè. "Diiriye, mo ti fẹ́ ẹlẹ́nu kan rí, Ọlọ́run forí jì í. Èyí tó kù tí mo máa fẹ́, ẹni tó lè panu mọ́ ni. Ṣe òru kan fún mi. Má sùn. Gbàdúrà ẹ. Kó o má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí a ó fi kírun Yídì. Ẹni tó bá rí òru yẹn kì í polongo ẹ. Tó o bá ṣe é, lọ bá ẹ̀gbọ́n mi Warsame. Á ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ni lẹ́nu mi."

"Òru kan péré? Ardo! Máa ra aṣọ ìyàwó!"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìyẹn ká ní ilẹ̀ ń ṣú, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé Diiriye fẹ́ pa àṣírí kan mọ́.

Òru kìíní itikafi, a kò tíì ka Kùránì dé ojú ìwé kejì tí imú Diiriye fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka tirẹ̀. Warsame fi ẹsẹ̀ kàn án. Warsame yìí, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá bọ́ kì í bọ́ lásán.

"Diiriye, o ti sùn."

"Ta ló sùn? Mò ń ronú ni!"

"Ìrònú ẹ ń hanrun."

Òru kẹta, ó forí kanlẹ̀, kò gbé e sókè mọ́. Lèmọ́mù sálámà, àwọn èèyàn ń wò ó, ẹnì kan ti ń nu omijé pé ẹ wo bí ẹ̀rù Ọlọ́run ṣe mú ọkùnrin. Ìgbà náà ló hanrun. Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ti ẹni tó sùn tó sì dojú kọ Kíbúlà, Lèmọ́mù ní òun kò rí i kà níbì kankan.

Alẹ́ òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n Ramadan dé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, èyí tí gbogbo ayé ń fojú sọ́nà fún. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu tán ni Diiriye bá ká fóòmù rẹ̀.

"Ariwo yín pọ̀. Mi ò gbọ́ ìró ìyẹ́ mọ̀láíkà kankan níbí. Ilé ni mò ń lọ, mo ti ṣe òru tèmi síbẹ̀."

"O ti ṣe kí ni?" ni Warsame bi í.

"Òru! Bébà dídán táwọn obìnrin fi ń wé ẹran, òun ni mo fi lẹ gbogbo fèrèsé. Òkùnkùn biribiri, Warsame, bí ti ilé wa! Mo ti pa fóònù mi pẹ̀lú. Ẹni tó ń retí mọ̀láíkà kì í gbé ìpè."

"Itikafi ẹ ńkọ́?" ni Lèmọ́mù béèrè, jẹ́jẹ́.

"Mò ń gbé e lọ sílé."

Bàbá Rooble nawọ́ láti ibi tó jókòó sí. "Ọmọ mi, tó o bá rí òru náà, fi orúkún mi tó ń dùn mí sí àdúrà ẹ."

"Bàbá, ẹ máa múra ijó Yídì!"

Ó kù díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí ọwọ́ kan yọ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì àwọn obìnrin. Ó gbé abọ́ aláwọ̀ búlúù kan tó ní ìdérí jáde. Sambuus méjìlá ni, fún sààrì rẹ̀. Diiriye gba abọ́ náà. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"O ṣé."

Ó sì lọ.

A ṣàìsùn. Ìdájí, Diiriye kò wá kírun Àṣùbá. Ọ̀sán, kò wá kírun Àìlà. Bàbá Rooble ní bóyá ara rẹ̀ kò yá. Warsame ní rárá, bóyá ó ń pa àṣírí mọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ ní a ti ń fojú tín-ín-rín ọkùnrin náà jù. Kọ́tìnì àwọn obìnrin ṣí díẹ̀, ojú Àǹtí Ardo wo ilẹ̀kùn, kọ́tìnì sì padà sáyè rẹ̀.

Ọ̀sán ń lọ. A tó ogójì tí a jókòó, ètè wa gbẹ, à ń ka Kùránì, à ń retí ìrun Alásàárì. Ìgbà náà la gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí ẹnu ṣáájú rẹ̀.

"Mo ti rí i! Mo ti rí i o! Ogójì ọdún ni mo fi wá a, mo ti rí i!"

Diiriye bẹ́ wọlé. Abọ́ búlúù wà lọ́wọ́ kan, fìláàsì lọ́wọ́ kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì wú. Ó ń jẹun. Bébà dídán ṣẹ́kù díẹ̀ lẹ́yìn etí rẹ̀. Ilà mẹ́ta fífẹ̀ ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀, kò sì sí ìdílé kankan tó ń kọ irú ilà bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀rí ló kọ ọ́.

"Kí lẹ̀ ń wò? Ṣé ẹ ò tíì jẹ sààrì ni? Ẹ yára o, ilẹ̀ ń mọ́ lọ! Lèmọ́mù, ẹ mú ọ̀kan, ẹran inú ẹ̀ ṣì rọ̀."

Ó na abọ́ náà sí Lèmọ́mù. Lèmọ́mù wo sambuus, sambuus wo Lèmọ́mù.

"Diiriye," ni Lèmọ́mù wí, "kí lo rí?"

"Àmì! Gbogbo àmì tí ẹ máa ń kà fún wa! Mo ṣílẹ̀kùn, oòrùn dúró, kò ní ìtànṣán kankan, ó funfun bí àwo tí wọ́n fọ̀. Ojú lásán ni mo fi wò ó! Afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Ajá ò gbó. Mọ́tò ò kọjá. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló tilẹ̀kùn. Àwọn òyìnbó gan-an ti mọ̀ pé nǹkan ńlá ń ṣẹlẹ̀!"

Kùrukùru láti inú òkun ti bo ìlú láti àárọ̀. Ọjọ́ Sunday sì ni. Ní ìlú wa, ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday.

"Ibẹ̀ ni mo wólẹ̀ sí, níwájú ilé, mo gbàdúrà. Bàbá Rooble, mo fi orúkún yín sí i!"

"Aago mélòó nìyẹn, ọmọ mi?"

"Mẹ́ta kọjá díẹ̀."

Bàbá Rooble fọwọ́ ra orúkún rẹ̀. "Ó ga o. Mẹ́ta kọjá díẹ̀ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí."

"Diiriye," ni Lèmọ́mù tún wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, "aago mẹ́ta wo?"

"Mẹ́ta wo bíi ti báwo? Aago mẹ́ta òru!"

Lèmọ́mù na ìka sí ara ògiri. Diiriye yíjú. Ó wo aago Bàbá Rooble, ó ń ka nọ́ńbà rẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún... kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì." Ó mirí. "Aago yìí ti bàjẹ́."

Ogójì èèyàn yọ fóònù lápò, wọ́n na ojú rẹ̀ sí i. Gbogbo wọn ló bàjẹ́ bákan náà.

"Ìgbà wo lo dùbúlẹ̀?" ni Warsame béèrè.

"Mi ò dùbúlẹ̀. Ẹ̀yìn mi ni mo ní kó sinmi díẹ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́."

A jọ ṣírò rẹ̀. Ẹni tí kì í sùn ti sun wákàtí méjìdínlógún gbáko, lórí ìrọ̀rí méjì.

"Ìrun Iṣáì ńkọ́?" ni Lèmọ́mù bi í. Diiriye wo abọ́. "Àṣùbá?" Ó wo fìláàsì. "Àìlà?" Òkèlè tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu. Ó fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó gbìyànjú láti bá a sọ̀rọ̀.

"Lèmọ́mù, ìgbàgbé ni. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa: ẹni tó bá gbàgbé tó jẹun nínú aáwẹ̀, Ọlọ́run ló bọ́ ọ."

"O ò gbàgbé aáwẹ̀, ọmọ mi. Ojúmọ́ lo gbàgbé. Wàá san aáwẹ̀ ọjọ́ kan padà lẹ́yìn Yídì. Lọ tu ìyẹn dànù ná."

Ó lọ, ó tu ú, ó bomi yọnu, ó padà wá. Abọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n oòrùn yẹn ńkọ́? Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí oòrùn yẹn!"

Warsame gbójú sókè nínú Kùránì rẹ̀.

"Diiriye, oòrùn kọ́ lo rí. Oorun lo rí. Àwa tí à ń gbààwẹ̀, òórùn nìkan la gbọ́."

Mọ́sáláṣí fọ́ sẹ́rìn-ín. Bàbá Rooble ń rẹ́rìn-ín, ó di orúkún rẹ̀ mú. Lèmọ́mù fi ìwé bojú, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì.

Kọ́tìnì ṣí. Àǹtí Ardo jáde, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ẹ̀rín wa gé bí ẹni ṣẹ́ igi. Gbogbo ohun tí a sọ, aṣọ lásán ló wà láàrin rẹ̀ àti Àǹtí.

Diiriye rí i. Ojú rẹ̀ tàn, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun kan tó kù tó lè gbà á là. Ó sáré lọ bá a láàrin ogójì èèyàn.

"Ardo! Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni o!"

Àǹtí Ardo gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo inú rẹ̀. Ó ku ọ̀kan. Ó fi ìdérí dé e, ó tẹ̀ ẹ́ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó lè dì dáadáa, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì bá àtẹ̀gùn lọ.