Télọ̀ Tó Fi Oògùn Ẹṣin Jẹ Búrẹ́dì

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló fi wọlé, ọ̀kan sì ń tiro. Ẹṣin Baba Onígẹdú ni, èyí tó ń fa kẹ̀kẹ́ igi rẹ̀. Télọ̀, ọkọ àbúrò rẹ̀, ni Onígẹdú pè lẹ́jọ́.

"Kábíyèsí, orúnkún ẹṣin mi wú. Dókítà ẹran fún mi ní oògùn tó ń mú wíwú àti ìrora rọlẹ̀, ó rí bí ọṣẹ ìfọyín nínú ike. Mo gbé e sójú fèrèsé. Àna mi wá kí mi. Bó ṣe lọ tán, ike ti ṣófo."

Kábíyèsí yíjú sí télọ̀. "Ìwọ lo jẹ ẹ́?"

"Mo tọ́ ọ wò ni, Kábíyèsí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ta ayédèrú fún àna mi."

"O wá tọ́ ọ wò tán pátápátá?"

"Ìsàlẹ̀ ike ni ayédèrú máa ń sá pamọ́ sí."

Wọ́n pe onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ télọ̀. "Kò jẹ ẹ́ rárá. Orúnkún ló fi pa."

Ìyàwó télọ̀ dìde. "Irọ́ ni. Búrẹ́dì ló fi pa. Èmi ni mo po tíì tó fi sìn ín."

Télọ̀ wò ó bí ẹni tí abẹ́rẹ́ gún. "Kábíyèsí, ẹsẹ̀ ni mo fi ń wa máṣíìnì látàárọ̀ dalẹ́. Ṣé torí pé mi ò nírù ni kí n máa jẹ̀rora?"

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Dókítà ẹran ò rẹ́rìn-ín. "Ìwọ̀n ẹṣin ni mo wọ̀n. Nínú èèyàn, ó lè dá egbò sí ikùn, ó lè ba kíndìnrín jẹ́."

Télọ̀ rọra jókòó. "Inú ti ń ta mí láti àárọ̀." Ìyàwó rẹ̀ di apá rẹ̀ mú.

Kábíyèsí bi dókítà pé, "Kí lo ní kí ẹṣin máa ṣe pẹ̀lú oògùn yìí?"

"Kó sinmi nínú ilé ẹṣin, kí wọ́n máa da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́."

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Ẹ kọ́kọ́ gbé télọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn èèyàn. Tí wọ́n bá ti ní ara rẹ̀ yá, ilé ẹṣin ló kàn. Ẹni tó jẹ oògùn, kó pa òfin oògùn mọ́. Kó má sì jókòó, ẹṣin kì í jókòó. Ìwọ Onígẹdú, tó gbé oògùn líle sójú fèrèsé bí ẹni ń sá aṣọ, orí rẹ ni wàá máa fi ru igi títí ẹṣin á fi gbádùn."

Onígẹdú dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, ta ni yóò máa da omi sí télọ̀ lẹ́sẹ̀?"

"Èmi ni," ìyàwó télọ̀ ní. Ó ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.